Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Gbé Jáàsì Jáde

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mo rí i pé gbogbo yín ń dárúkọ àwo orin tí ẹ fẹ́ràn jù. Tèmi mẹ́ta ni, orin jáàsì sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ mi ò lè sọ̀rọ̀ wọn kí n má sọ wàhálà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọ mi ní Mowe.

Bàbá mi ló ni méjì nínú wọn. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n, Àgbàdo la sì ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti afunfèrè kan tó dijú lára páálí àwo náà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, ilé á mì, abẹ́rẹ́ á sì fò lórí àwo. Ó fò títí ó fi dá àpá sí ojú kan. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ orin yẹn níbòmíràn tó sì lọ geere, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọn ò kọ ọ́ dáadáa!

Ìkejì, dùùrù nìkan ló wà níbẹ̀. Òun ni bàbá mi máa ń fi sí i tí wọ́n bá ń lọ aṣọ iṣẹ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi. Tí mo bá gbọ́ orin náà báyìí, òórùn aṣọ gbígbóná ni mo ń gbọ́.

Ìkẹta ni CD tí mo fúnra mi rà, nígbà tí CD ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé kásẹ́ẹ̀tì kúrò nílé. Tọ́pẹ́, ọmọ mi, ọmọ ọdún méje nígbà náà, ní ikọ́ fée. Tó bá ti fa ínhélà rẹ̀ tán, mo máa ń fi CD náà sí i kó lè jókòó jẹ́ẹ́. Kí ọ̀rọ̀ mi yé yín o: oògùn dókítà ló ń ṣiṣẹ́, orin kàn ń jẹ́ kó fara balẹ̀ ni. Mo sì máa ń ti fèrèsé nítorí eruku títì wa. Ẹ̀rù eruku yẹn bà mí débi pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé wa.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bi àwọn ọmọ pé kí ni Ọlọ́run fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́ tí ara wọn ò bá yá. Àwọn tó kù ní àdúrà. Tọ́pẹ́ dìde, ó ní jáàsì ni! Ó ní mọ́mì òun á ti fèrèsé, wọ́n á gbé e jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èémí òun á sì balẹ̀. Ó tún wá fi kún un pé bàbá mọ́mì òun tó ti kú ló fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ gbà mí! Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jáàsì ládùúgbò wa? Oògùn abẹnugọ̀ǹgọ̀, jùjú!

Nígbà yẹn, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Mo kàn rí i ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí Mọ́mì Dámilọ́lá, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, wá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tọ́pẹ́. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ọmọ mi ní nìyẹn. Tọ́pẹ́ bi mí pé kí ni òun fi ṣe Dámilọ́lá.

Ní Sátidé, Mọ́mì Àdúrà, àgbà obìnrin tó ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, dé pẹ̀lú ìgò òróró. Mọ́mì Dámilọ́lá wà lẹ́yìn wọn. Mo kúnlẹ̀.

Mọ́mì Àdúrà ní, “Ọmọ mi, a ò wá bá ẹ jà. Ṣáà gbé jáàsì yẹn jáde ká dáná sun ún.”

“Gbogbo ẹ̀, mà?”

“Ṣé ó pọ̀ ni?”

“Mẹ́tàdínlógún ni, mà. Ọ̀kan ti fọ́.”

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ara ta ló fọ́ sí?”

Mo fa páálí tí mo kó àwọn àwo náà sí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wo àwo, wọ́n wo ara wọn. Mọ́mì Dámilọ́lá nawọ́ sí afunfèrè tó dijú yẹn, ó ní ṣé òkú ni. Mo ní orin tí wọ́n ń pè ní jáàsì ni, mà, orin lásán. Mo fi CD náà sí i kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́.

Mọ́mì Àdúrà jókòó, wọ́n gbọ́ ọ títí. “Kò lọ́rọ̀ nínú. Báwo lẹ ṣe ń mọ ohun tó ń sọ?”

Tọ́pẹ́ ló dáhùn: “Ó ń sọ pé kí n máa mí díẹ̀díẹ̀, mà.”

Ni mo bá ṣàlàyé àìsàn náà. Mọ́mì Dámilọ́lá ní, “Ọdún méjì la ti jọ ń gbé, Mọ́mì Tọ́pẹ́. Ẹ ò sọ fún wa pé ọmọ yìí ní ikọ́ fée. Tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ ò sí nílé ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀sùn oògùn lọ, torí pé òótọ́ ni. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó lè gbà á là kò mọ ohun tó ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń lọ nílé wa, ìyẹn ni wọ́n fi rò ó bó ṣe wù wọ́n.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo fi ínhélà han Mọ́mì Dámilọ́lá, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló pe Dámilọ́lá pé kó máa bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi àìsàn ọmọ pamọ́ fún aládùúgbò. Ẹ̀yin ńkọ́? Àwo orin wo lẹ ò lè gbọ́ kí ẹ má rántí ẹnì kan? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.