Àwọn Àjèjì Mẹ́ta Tí Màámi Ń Gbàdúrà Fún

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé orí mi ò pé: gbogbo ilé wa ní Lálúpọn ló mọ ipò tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wà nínú líìgì kejì ilẹ̀ Jàpáànù. Àwọn aládùúgbò wa a máa pariwo ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lálaalẹ́. Ní tiwa, àárọ̀ kùtù lẹ́yìn ìrun àsùbáà la máa ń rọ̀gbà yí fóònù kan ká, torí pé nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn. Àbúrò mi ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Òun nìkan lọ́kùnrin tí Màámi bí.

Gàrí ni Màámi ń yan, iṣẹ́ yẹn náà ni mo sì ń bá wọn ṣe títí dòní. Nídìí agbada la ti ń wo bọ́ọ̀lù. Màá gbé fóònù ti apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́, èéfín á máa ta wá lójú, Màámi á ní kí n nu ojú fóònù, bẹ́ẹ̀ ojú tiwọn gan-an ló yẹ kí n nù. A ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà ń sọ. Bó bá ṣá ti gbé ohùn sókè, Màámi á ju ìgbákọ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Yéè! Wọ́n ti fẹ́ gbá a wọlé!" Ìgbà míì, ìpolówó ọjà ni ọkùnrin náà ń kà.

Àwọn àjèjì mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀kan jẹ́ ará Bùràsíìlì, òun ló ń gbá góòlù wọlé jù. Ọ̀kan jẹ́ ará Kòríà, òun ló ń ṣọ́ ilé. Ẹnì kẹta ni àbúrò mi, tó ń sá lọ sá bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilé kan náà ni wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, wọ́n jọ ń dáná, wọ́n sì jọ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí odi torí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì.

Ọjọ́ kan ni àbúrò mi sọ lórí fóònù pé bí ará Bùràsíìlì yẹn bá se ẹ̀wà, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yan ló ń bù lé e lórí.

Màámi dáwọ́ agbada dúró. "Gàrí kẹ̀?"

"Gàrí ni, Màámi. Bọ́tà ni wọ́n kàn fi ń yan tiwọn."

"Ẹni tó ń da gàrí sórí ẹ̀wà, òun lẹ ń pè ní àjèjì?"

Kò pẹ́ sígbà náà, obìnrin kan ní Alákìá ní ọmọ tó ń lọ kàwé ní Jàpáànù. Màámi wọ ọkọ̀ lọ bá a, wọ́n di gàrí kíkúnná fún un, wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé e. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ará Bùràsíìlì ya àwòrán ara rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu, ó fi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọmọ Màámi. Mo ní, "Màámi, ẹ ti bí òyìnbó." Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ jowú ni? Ìwọ tó o wà nítòsí, ìgbà wo lo yin gàrí mi gbẹ̀yìn?"

Kí àwọn ọmọ náà tó wọ pápá, Màámi a máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Oríkì àbúrò mi ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kì í títí ara tèmi náà á fi wú. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á ní kó bá àwọn kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ gàrí, àti ọmọ tó ń ṣọ́ ilé. Bí àbúrò mi bá gbá góòlù wọlé, ńṣe ló máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, ojú sí kámẹ́rà. Màámi á ní, "Ó ń kí mi." Bó bá wá pe wọ́n lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, á ní "Ẹ káàárọ̀, Màámi," wọ́n á sì dáhùn pé "Káalẹ́, ọmọ mi," torí pé ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ìyẹn máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà.

Ohun kan wà tí Màámi kì í gbàgbé nínú àdúrà wọn. Nígbà tí Bàbá wa kú, ọmọdé ni àbúrò mi. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwa mùsùlùmí, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀, ọmọ á sì bu erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á dà á sínú sàréè. Bàbá wa àgbà, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọ̀hún kéré débi pé erùpẹ̀ ti ń jò tán láàárín ìka rẹ̀ kó tó dé ẹnu sàréè. Láti ọjọ́ náà ni Màámi ti ń sọ fún un pé, "Ìwọ lo máa bu tèmi. Ibi yòówù kó o wà, Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe é." Á sì dáhùn pé, "Àmín, Màámi. Èmi ni màá bu ú." Àdúrà yìí ló máa ń parí ohùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà bọ́ọ̀lù náà dára. Ará Bùràsíìlì ń gbá a wọlé, àbúrò mi ń gbé e fún un. Nígbà tí òjò dé lọ́dọ̀ wa ni ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Lárúbáwá wá ra ará Bùràsíìlì lọ, láàárín sáà. Màámi sunkún. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí wọn ò fojú kàn rí. Wọ́n ní, "Ó lọ láì jẹ gàrí tuntun tí mo yà sọ́tọ̀ fún un." Lẹ́yìn ìyẹn, àdúrà wọn yí padà díẹ̀: "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹni tó lọ, á ṣọ́ ẹ̀yin tó kù." Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ò gbádùn mọ́. Bọ́ọ̀lù kì í wọlé mọ́, wọ́n ń fìdí rẹmi, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ já sí líìgì kẹta.

Ó ku díẹ̀ kí sáà náà parí nígbà tí Màámi dìde nídìí agbada láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Wọn ò dìde mọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin wọ́n sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi ọsàn. Nígbà tó kan ipò ọmọkùnrin, gbogbo èèyàn wo ara wọn. Bàbá wa àgbà ló bẹ̀rẹ̀, tó bu erùpẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta lórúkọ àbúrò mi. Mo wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, mo ń wò wọ́n. Ìyẹn ló dùn mí jù, ó dùn mí ju ikú náà lọ.

Lálẹ́, ẹbí jókòó. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ fún ọmọ tó wà lájò. Àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Bí ìyá èèyàn bá kú nílé, tí ọmọ sì wà lájò, wọ́n á ní ara ìyá ò yá, kó máa bọ̀. Tó bá délé tó jókòó, tó mu omi tán, wọ́n á wá sọ fún un. Bàbá wa àgbà ní tá a bá sọ fún ọmọ yẹn báyìí, ọkàn rẹ̀ ò ní sí nínú bọ́ọ̀lù, wọ́n á kán an lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ náà bá sì já bọ́, wọn ò ní fẹ́ àwọn àjèjì mọ́. Ẹ jẹ́ kó parí sáà yìí ná.

Mo bínú. Mo ní, "Tó bá ní ká gbé fóònù fún Màámi ńkọ́?" Wọ́n ní ká sọ pé wọ́n wà lóko lọ́dọ̀ ẹbí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ohùn mi jọ ti Màámi, kí n máa bá wọn kì í. Mo ní, "Ẹ̀yin! Kí n wá máa sín ohùn òkú jẹ? Olúwa má jẹ́!" Mo dìde kúrò níbẹ̀. Ẹnu mi mú, wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn.

Àbúrò Màámi, ìyá wa kékeré, ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wá àwọn ohùn àtijọ́ tí Màámi ti fi ránṣẹ́, wọ́n á fi fóònù kan tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi fóònù Màámi tún gbà á sílẹ̀, wọ́n á wá fi ránṣẹ́ bíi pé tòní ni. Àwọn tó kúrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, tó jẹ́ kìkì àdúrà. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, màá rìn súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí n lè gbọ́ Màámi.

Ọjọ́ ìdíje tó kẹ́yìn dé. Bí wọn ò bá borí, wọ́n já nìyẹn. Gbogbo ẹbí péjọ sídìí agbada láàárọ̀ yẹn, títí kan Bàbá wa àgbà tí kì í wo bọ́ọ̀lù. Mo gbé omi dé nígbà tí ìyá wa kékeré ń tún ohùn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ tẹ̀ fún àwọn èèyàn gbọ́. Màámi kì í, wọ́n kì í, ó dùn. Wọ́n wá ní: "Bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jẹ gàrí. Sọ fún un pé tó bá gbé bọ́ọ̀lù fún ọ lónìí, kó gbé e dáadáa. Tirẹ̀ wà nílẹ̀ níbí, mo ti yà á sọ́tọ̀."

Omi bọ́ lórí mi. "Èwo lẹ fi ránṣẹ́ yìí?"

"Èyí tó dùn jù ni. Ọjọ́ ńlá lòní."

"Ará Bùràsíìlì ti lọ! Láti ìgbà òjò ló ti lọ!"

"Ó lọ síbo?" Ìyá wa kékeré ranjú mọ́ mi. "Mo rò pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀."

Wọn ò bá wa wò ó rí. Ọjà ni wọ́n máa ń wà láàárọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi ti gbọ́ ọ. Ohun tó kọ padà ò ju "Àmín" lọ.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi kàn ń rìn káàkiri pápá bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Àwọn alátakò gbá ọ̀kan wọ ilé wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ sinmi, ọmọ Kòríà tó ń ṣọ́ ilé sáré bá a, ó gbá a mọ́ra, ó di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà. Àwọn ará ilé ní ó ń gbà á níyànjú ni. Èmi àti ìyá wa kékeré mọ ohun tó gbọ́ tó ń dà á láàmú.

Ní ìlàjì kejì, bọ́ọ̀lù kan ta sí i lẹ́sẹ̀, ó sì gbá a wọlé. Ariwo sọ! Wọ́n fò sókè, wọ́n lu agbada. "Á dọ̀bálẹ̀! Ẹ wò ó, á dọ̀bálẹ̀!"

Kò dọ̀bálẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́nu ilé tó gbá bọ́ọ̀lù sí, níbi tí ẹsẹ̀ ti jẹ koríko tán tí ilẹ̀ fi hàn. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ìka ha ilẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó rọra dà á sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n ń pè é pé àkókò ń lọ. Ó tún bu ú. Ó dà á. Ó tún bu ú.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wa ní, "Kí ló ń ṣe yẹn?" Bàbá wa àgbà ti dìde lórí àga. Wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n fi bo ojú. "Lẹ́ẹ̀mẹta," ni wọ́n wí. "Ẹ ò rí i ni? Lẹ́ẹ̀mẹta." Gàrí jóná nínú agbada, a ò gbọ́ òórùn rẹ̀.

Wọn ò gbá òmíràn wọlé mọ́. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ẹgbẹ́ náà já sí líìgì kẹta. Gbogbo irọ́ tá a pa kò gba nǹkan kan là.

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí àbúrò mi pè, ìpè olójú tá a ti ń rí ara wa. Èmi ló pè. Ojú rẹ̀ wú. Ògiri funfun ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì bọ́ aṣọ bọ́ọ̀lù.

"Àǹtí mi, ibo ni?"

 Mo gbé fóònù lọ sẹ́yìn ilé, mo kọ ojú rẹ̀ sí ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. 

"Ta ló bu tèmi?"

"Bàbá wa àgbà ni."

"Àwọn náà ló di ọwọ́ mi mú nígbà ti Bàbá," ló wí. Ló bá bú sẹ́kún.

Nígbà tó ṣe, ó gbé fóònù fún ẹnì kan. Ọmọ Kòríà ni, mo rí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó tóbi. Ó fà sẹ́yìn, mo sì wá rí àbúrò mi tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ igi ọsàn. Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, kò dìde, ó ń dúró. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Mo ti búra pé mi ò ní ṣe é láyé mi, ṣùgbọ́n ta ló tún kù tí yóò dá a lóhùn?

"Káalẹ́," ni mo wí. "Káalẹ́, ọmọ mi."