Ìṣirò Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Fi Fọ Ẹsẹ̀

Nígbà ìjọba ológun, tí wọ́n ti yunifásítì wa pa, mo kó ìwé mi wá sílé ní Aké. Iṣẹ́ mi ni láti fi ìṣirò wá bí àwọn sẹ́ẹ̀lì, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú ara wa, ṣe ń mọ ibi tí egbò wà. Egbò a máa tú kẹ́míkà jáde. Sẹ́ẹ̀lì á gbọ́ òórùn rẹ̀, á sì máa rìn lọ síbi tó ti le jù. Ọdún mẹ́ta ni mo ti lò lórí ìrìn yìí. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kì í lò ju wákàtí díẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ń gbé. Aláró ni wọ́n, alhaja ni wọ́n, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé dókítà ni mí. Lọ́jọ́ kan, àfọ́kù ìkòkò aró gé wọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú. Wọn ò lọ sí ọsibítù; ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá. Mo fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wọn ti ń sáré lọ síbẹ̀.

Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà títí. “Ṣé wọn ò tíì dé ni?”

Mo bá fi yíǹkì búlúù kọ ìṣirò náà sórí abala ìwé kan kí wọ́n lè rí i. Wọ́n ní ó jọ ohun tí àlùfáà máa ń kọ sára wàláà, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́. Kí n tó ti ìta dé, wọ́n ti rẹ ìwé náà sómi bí hàntú, omi tí àlùfáà fi ń fọ wàláà fún aláìsàn, wọ́n ti fi fọ ẹsẹ̀, wọ́n sì ti mu ìyókù.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Mo fi táksí gbé wọn lọ sí ọsibítù. Níbi tí a jókòó sí, mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi, mo sì rí i pé mo ti kọ àmì ìròpọ̀ síbi tó yẹ kí àmì ìyọkúrò wà. Bí mo ṣe kọ ọ́, ṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ń sá fún egbò. Mo pa ìwé náà dé wéré.

Nọ́ọ̀sì fọ egbò, ó gún wọn ní abẹ́rẹ́, ó wá béèrè bóyá aró ló wà lẹ́sẹ̀ wọn.

“Kì í ṣe aró,” ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. “Oògùn ọmọ mi ni. Dókítà ni.”

Nọ́ọ̀sì béèrè ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní dókítà ìṣirò ni mo fẹ́ dà, mi ò sì tíì dà á. Ó ní kí n lọ dúró síta.

Ẹsẹ̀ san. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò dárúkọ abẹ́rẹ́ fún ẹnì kankan; omi ìwé mi nìkan ni wọ́n ń ròyìn. Láìpẹ́, obìnrin kan ti Láfẹ́nwá wá pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sí ọsibítù. Ó ní òun ti gbọ́ pé mo níwà ìrẹ̀lẹ̀, ó sì gbé abọ́ omi rẹ̀ kalẹ̀ níwájú mi.