Èmi Nìkan Ló Kù ní Kíláàsì Faransé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí èmi ẹyọ kan ṣe di odidi kíláàsì. Ó ti ń rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi jù.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Adó-Èkìtì ni mo lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ gan-an, ṣùgbọ́n dandan ni kí olúkúlùkù mú kọ́ọ̀sì kejì mọ́ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní máínọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sáré lọ mú Yorùbá, àwọn kan mú ẹ̀kọ́ ìtàn. Èmi mú Faransé. Nítorí kí ni? Nítorí pé ìlà tirẹ̀ ló kúrú jù lọ́jọ́ tí a ń gba fọ́ọ̀mù, oòrùn sì ń pa mí! Ṣé ẹ wá rí i pé kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀?

Àwa mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wọ ọdún kejì, a ti ku mẹ́ta. Ọ̀kan rí yunifásítì wọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bùsáyọ̀ tí a jọ máa ń jókòó lọ bímọ, nígbà tó padà dé, kọ́ọ̀sì mìíràn ló mú. Bó ṣe ku èmi nìkan nìyẹn.

Ẹ rò ó wò ná. Yàrá tí àga kún inú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó! O ò lè tòògbé, o ò lè pẹ́ dé, o ò sì lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìbéèrè, ìwọ náà ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la sì máa ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìyìn-Èkìtì, ìlú wa, ni mo ti ń bọ̀. Màá wọkọ̀ dé Fájuyì ní Adó, màá tún gun ọ̀kadà dé iléèwé. Kí n tó jókòó, ara mi ti kú.

Gbogbo iléèwé ló ń pe lẹ́kíṣọ̀ wa ní Músíọ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni. Ọmọ Yorùbá ni, ará Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo. Àràárọ̀ ló máa ń wọlé, tí yóò gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò wá wo gbogbo àga òfìfo wọ̀nyẹn, tí yóò ní, "Bonjour, tout le monde!" Ìyẹn ni pé, ẹ káàárọ̀ o, gbogbo yín. Gbogbo yín kẹ̀!

Nígbà tí mo dé ọdún kẹta, mo fẹ́ẹ̀ fìdí rẹmi nínú tẹ́ẹ̀sì. Mo sọ fún màámi, tí àwọn náà jẹ́ olùkọ́. Wọ́n gbójú sókè láti ara ìwé tí wọ́n ń máàkì, wọ́n ní, "Uṣẹ́ wo ni wọ́n tiẹ̀ ń fi Faransé ṣe n'Ìyìn yìí?" Lọ́jọ́ kejì, mo lọ gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pààrọ̀ kọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé yóò fi ọdún kan kún tèmi, ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

Músíọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kò sí ní ọ́físì nígbà tí mo débẹ̀, Ìyá Tósìn tó ń bá wọn tẹ̀wé ni mo bá. Ó wo fọ́ọ̀mù náà, ó wò mí. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé bí mo bá lọ, kọ́ọ̀sì yẹn kú nìyẹn? Ó ní ọdọọdún ni wọ́n ń fún Músíọ̀ ní ìwé iṣẹ́ tuntun, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì wà nílẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló wá wà nílẹ̀? Èmi!

Ibi tí mo ti ń ronú ni Músíọ̀ wọlé. Ó gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì yọ báírò. Kò bi mí léèrè ohunkóhun.

Mo ní, "Ẹ má tíì fọwọ́ sí i, sà."

"Kí ló dé?"

"Mo ṣì ń rò ó ni, sà."

Ó yíjú sí Ìyá Tósìn. Ìyẹn dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Músíọ̀ wá rọra sọ pé, "Má torí mi dúró o."

Mo ní, "Kì í ṣe torí yín, sà." Irọ́ ni mo pa. Torí rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń bínú sí ọkùnrin yìí. Màá wọlé pẹ̀lú ojú kíkorò, màá dáhùn bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú. Ṣé òun ló ní kí n dúró ni? Rárá! Ó tiẹ̀ ti ní kí n máa lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò pa mí láti Fájuyì dé iléèwé. Omi ń kán lára mi bí mo ṣe jókòó. Músíọ̀ wọlé, ó tún ní, "Bonjour, tout le monde!"

Mo bú jáde. "Ta ni gbogbo wa, sà? Èmi nìkan ló wà níbí!"

Ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Yorùbá ló sọ, ohùn Pọ́bẹ̀ hàn nínú rẹ̀ ketekete. "Nígbà tí ẹ wà ní mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kí yín. Lọ́jọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹnì kan ṣoṣo, mi ò ní lè jí wá mọ́."

Mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ òun náà tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má bínú. Ó ní kí n lọ nu irun mi gbẹ ná.

Láti ọjọ́ náà, ó pa ìwé dé. Ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà ni yóò ní kí n fi Faransé sọ. Ó máa ń ní ẹnu Èkìtì ni mo fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n ṣáà máa sọ.

Ọjọ́ ìdánwò àfẹnusọ pé. Wọ́n mú obìnrin kan wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Mo ti há àròkọ kan sórí nípa ẹbí mi. Mi ò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta tó fi dá mi dúró, tó ní kí n sọ bí mo ṣe dé iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: táyà ọkọ̀ wa jò, dẹ́rẹ́bà àti èrò ń bú ara wọn. Ibi tí orúkọ táyà ti sọnù lẹ́nu mi ni mo ti pè é ní "le pied de la voiture", ìyẹn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní kí n máa bá a lọ.

Mo yege. Kì í ṣe máàkì tí èèyàn ń fi yangàn, ṣùgbọ́n mo yege.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síre? Ní ọlidé yẹn gan-an ni wọ́n pa máínọ̀ Faransé rẹ́. Wọn ò fún Músíọ̀ níwèé mọ́, ó padà sí Pọ́bẹ̀. Ọdún kan péré ni ìdúró mi rà fún un. Nígbà tí mo gbọ́, mo kàn jókòó sílẹ̀, mi ò lè sunkún.

Mo pè é lórí fóònù. Kò dárò rárá. Faransé ló fi bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá ara màámi le. Mo dá a lóhùn, mo tún bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀. A sọ ọ́ títí káàdì mi fi tán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ èdè yẹn láìsí pé wọ́n ń fún mi ní máàkì nìyẹn.

Nísinsìnyí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìyìn. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè Faransé rí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé, bí o bá máa dúró ti ènìyàn, dúró tì í tọkàntọkàn. Má dúró tán kí o wá máa fi ìbínú gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́. Oṣù mélòó ni mo fi ṣòfò!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni ẹ dúró tì rí nígbà tí ọkàn yín ti kúrò níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ pè é ná.