Ilé Tí A Fi Ìyẹ̀fun Yà

Lọ́jọ́ Àìkú, bí ìsìn bá ti parí, èmi àti ọkọ mi kì í lọ sílé tààrà. A máa ń wa mọ́tò kiri láti wo ilé títà, nítorí ọjọ́ yẹn làwọn tó ń ta ilé ní Jòhánẹ́sbọ̀ọ̀gì máa ń ri pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò. A ò fẹ́ ra ìkankan. A ti nílẹ̀ ní Roodepoort. Ọgbọ́n tí a ó fi kọ́ tiwa là ń ṣà jọ.

Àga onítáyà ni ọkọ mi fi ń rìn látìgbà tí jàǹbá ọkọ̀ ti gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní fúláàtì tí a háyà ní Turffontein, àga náà kò gba ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ kọjá, èmi ni mo ń gbé e wọlé láràárọ̀. Á ní, "Ìyàwó mi, o mà ti di alábàárù." A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn ún dọ́kàn.

Ọ̀pọ̀ ilé tí a ń wò ló ní àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà. Òun á dúró lábẹ́ igi, èmi á wọlé lọ máa ya fọ́tò, á sì máa pariwo ìbéèrè sí mi láti ìta.

"Fèrèsé yẹn ńkọ́? Ṣé ẹni tó jókòó lè rí ìta?"

"Ó ga jù, Dádì! Ojú ọ̀run nìkan lẹ máa rí!"

"A ò fẹ́ yẹn. Tẹ̀ síwájú!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rí nǹkan díẹ̀díẹ̀. Ilé kan ní ilẹ̀kùn tó ń wọ́ wọnú ògiri. Òmíràn ní tábìlì ìdáná tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, tí orúnkún á fi ráyè. Nígbà òtútù, a rí èyí tó kọjú sí àríwá, apá tí oòrùn ń gbà níbí, tí oòrùn ya wọ inú pálọ̀ rẹ̀ débi pé obìnrin tó ń tà á ń yá oòrùn níbẹ̀ bí ológbò.

Ayàwòrán ilé tí a gbà, obìnrin Súlù kan tó ní sùúrù, gbé pláànù tó rẹwà wá. Ọkọ mi tẹjú mọ́ bébà náà títí.

"Ó dáa," ló wí, "àmọ́ mi ò rí ara mi nínú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Ní Sátidé, mo ra àpò ìyẹ̀fun àgbàdo, irú èyí tí wọ́n fi ń ro páápù, mo sì pe ayàwòrán náà wá bá èmi àti ọkọ mi lórí ilẹ̀ wa. Mo ní ká ya ilé náà sílẹ̀ bó ṣe máa tóbi gan-an. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Shap!" ló wí, bí wọ́n ṣe ń sọ níbí pé ó dáa, ló bá bọ́ bàtà. A fa okùn, a wọn ìyẹ̀fun sórí ilẹ̀ pupa náà, yàrá dé yàrá.

Ọkọ mi gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti yà, táyà rẹ̀ gun orí ìlà.

"Mo ti wó ògiri!" ló pariwo.

Ayàwòrán fẹsẹ̀ nu ìlà náà, ó sì tún un fà kí ọ̀nà lè fẹ̀ sí i. Ọkọ mi kọjá wẹ́rẹ́. Ó yà sí balùwẹ̀, ó yí àga rẹ̀ po, kò kan ibì kankan. Ó tún yí i. Bí mo ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó nawọ́ dá mi dúró.

"Má wọlé o! Mo ń wẹ̀!"

Ẹ̀rín pa wá títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Àwọn ẹyẹ ti ń ṣa ògiri pálọ̀ jẹ, a ò tilẹ̀ lé wọn.

Pláànù tuntun ti gbàṣẹ ìjọba ìlú, búlọ́ọ̀kù sì ti kọjá fèrèsé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tó ń gbé lódìkejì títì wá béèrè ìdí tí ẹnu ọ̀nà wa fi tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Orúnkún ló ń yọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ọkọ mi ní kó tẹ̀ lé òun. Yàrá dé yàrá ló mú un wò, bàbá náà sì yọ fóònù rẹ̀, ó ń ya fọ́tò.