Ẹni Tó Ń Gbá Ojú Omi Gálílì

Mo rántí ìgbà tí òórùn ewé jíjẹrà máa ń sọ fún mi pé ọdún Àjíǹde ti dé. Kì í ṣe òórùn ìrẹsì, kì í sì í ṣe ti aṣọ tuntun. Ewé tó ti jẹrà sójú omi ni, èyí tí ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń fi ọwọ́ kó jáde láàárọ̀ Sátidé tó ṣáájú ọdún. Ojú omi náà wà ní ìdí àpáta kan lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà tó ti Òsí lọ sí Òkè-Òpin. Ibẹ̀ kan náà ni gbogbo ìjọ máa ń kọrin lọ ní Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde. Gálílì là ń pe ìrìn náà, nítorí Gálílì ni Jésù ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun ti lọ pàdé òun nígbà tó jíǹde. A ó gbé ìkòkò dání, a ó dáná, a ó mu nínú omi náà, àwọn ìyá á sì fi bọ́jú fún ọmọ wọn. Èmi rò pé inú Bíbélì ni wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀, títí kan àpáta.

Èmi ni mo máa ń bá ìyá àgbà gbé korobá. Bó bá ti kó ewé tán, tó gbá etí omi, yóò bọ́ bàtà, yóò kúnlẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí omi náà bí ìyàwó ilé ṣe ń kí àgbà ẹbí. Ìkíni náà gùn. Orúkọ àwọn tó ti lọ wà nínú rẹ̀, orúkọ àpáta wà nínú rẹ̀, ó sì ní ibi tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Láti ìgbà tí mo ti wọ kíláàsì àwọn tí bíṣọ́ọ̀bù máa gbọ́wọ́ lé lórí ni mo ti kórìíra rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí òrìṣà jẹ́, ìmọ̀ náà sì ń pa mí bí ọtí. Nígbà náà, bí àgùntàn bá sín, mo lè bá a wí lórúkọ Jésù. Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá ti kúnlẹ̀, màá lọ dúró lábẹ́ igi, màá fi ìka di etí, màá máa kọ orin ìjọ lábẹ́lẹ̀ kí n má baà gbọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi àti ìyá àgbà la jọ fẹ́ lọ sídìí tábìlì Olúwa. Ìgbà àkọ́kọ́ mi ni. Òun ló ra aṣọ funfun tí mo máa wọ̀, kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà tí aránṣọ ti gbé e dé. "Àwa méjèèjì a kúnlẹ̀ pọ̀," ló ń wí ṣáá.

Ní Sátidé yẹn, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí bàbá ìjọ, ìyẹn alàgbà tó ń darí wa lẹ́yìn àlùfáà, yọ sí wa pẹ̀lú àdá. Ó wá gé màrìwò tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà ò dìde títí tó fi kí omi náà tán.

"Ìyá, ọ̀la l'Àjíǹde, ẹ̀yin wá ń bọ omi?"

"Mè é bọ ọ́. Mo kí i ni. Ẹni tó bá fún ọ l'ómi mu, ṣé ọ kè é kí i?"

Bàbá ìjọ gé màrìwò rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó lọ. Kò sí ẹni tó rántí nínú àwa mẹ́ta pé aṣọ Ògún ni màrìwò ọ̀hún kó tó di ti Jésù.

Lójú ọ̀nà ilé ni ìyá àgbà sọ fún mi. Ulé bàbá rẹ̀, ìyẹn agbo ilé wọn, ló ni ọdún omi náà, tí gbogbo ìlú máa ń ṣe nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kí wọ́n tó gbin iṣu. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, ẹni tó kọ́kọ́ kó ìjọ jọ bẹ bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí Gálílì rọ́pò ọdún náà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sílé. Bàbá náà gbà, àmọ́ ó ní kí ẹnì kan láti ulé òun máa gbá ojú omi, kó sì máa kí i, kí ìjọ tó dé. Ìjọ ṣèlérí. "Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ," ló fi parí rẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá." Aṣọ funfun mi ni mò ń rò.

Lọ́jọ́ ọdún, ìlà wa ti fẹ́ dé pẹpẹ nígbà tí bàbá ìjọ fọwọ́ kan ìyá àgbà léjìká. Ó ní kó lọ jókòó ná, àlùfáà ti gbọ́, àfi bó bá kọ́kọ́ sọ níwájú ìjọ pé òun ti kọ òrìṣà sílẹ̀. Àlùfáà dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

"Òrìṣà kan kè sí l'ọ́wọ́ mi tí mo máa jù," ni ìyá àgbà wí. "Èmi kè lè purọ́ n'ulé Olúwa."

Ó yí padà. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá lọ sí ìjókòó rẹ̀, gèlè rẹ̀ funfun gbòò. Ojú tì mí. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Lọ́jọ́ náà, bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń wá ibi tí òrìṣà máa ti yọ lára mi. Èmi nìkan kúnlẹ̀.

Mo rò pé ìyá àgbà kò ní lọ sí Gálílì mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó lọ. Ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló ń rìn, èmi sì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, mo jìnnà sí i díẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí àpáta, omi náà mọ́ gaara. Oòrùn ti mú àlùfáà nínú aṣọ gígùn rẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó ní kí wọ́n bá òun wá omi. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ bù ú.

"Bu omi fún un," ni ìyá àgbà sọ fún mi. "Mọ́ jẹ́ k'òùgbẹ pa á."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun tó ń tọ́jú omi yìí dè wá lọ́dọọdún." Ìjọ ṣe àmín. Ti ìyá àgbà ló ròkè jù. Òkìtì ewé tó kó jáde ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àlùfáà, kò tíì gbẹ. Bàbá ìjọ rí i, ó yíjú sí ibòmíràn. Látàná ni ojú ti ń tì mí nítorí ìyá àgbà. Nítorí àwọn yòókù ni ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Ìyá àgbà kò jẹ Oúnjẹ Olúwa mọ́ títí tó fi kú. Wọn ò bẹ̀ ẹ́, kò sì purọ́. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá dìde lọ síwájú, á jókòó, á ká ọwọ́ lé itan. Lọ́dọọdún, á gbá ojú omi. Èmi ti lọ sílé ìwé ní Ìlọrin nígbà náà, mi ò ráyè gbé korobá.

Mo ti padà sílé báyìí. Ọmọ àbúrò mi tó wà nílẹ̀ òkèèrè máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi bí Àjíǹde bá ti ń bọ̀: "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kèfèrí ló ni ẹyin àti ehoro táwọn Òyìnbó fi ń ṣọdún yìí? Wọ́n ní orúkọ òrìṣà wọn kan ló wà nínú orúkọ tí Òyìnbó ń pe ọdún náà gan-an." Mo máa ń dá a lóhùn pé mo mọ̀, ọmọ mi. Lẹ́yìn náà, màá gbé ìgbálẹ̀.

Ìjọ ti ń ra omi inú ọ̀rá lọ sí Gálílì, àmọ́ àwọn ìyá ṣì ń fi omi náà bọ́jú fún ọmọ. Ní Sátidé, mo kó ewé jáde, mo gbá etí omi, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu. Orin ìjọ tí mo fi bo ìkíni náà mọ́lẹ̀ nígbà èwe, mo ṣì mọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìkíni náà, mi ò ní ẹyọ orúkọ kan. "Ẹ kú owúrọ̀ o," ni mo sọ fún omi, bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò mọ orúkọ onílé, ojú sì tì mí.