Òṣìṣẹ́ Tí Ọ̀gá Ń Kúnlẹ̀ Kí

Ara Moufidatou kò balẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ́ kajú ní Savè. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, àwọn òṣìṣẹ́ kàn dúró. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bàbá Nafissatou, àbúrò bàbá rẹ̀, tí ẹbí ní kó gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà, kí àjèjì má baà máa jẹ níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ẹni máa wòran.

"Lónìí, màá lé e!" ni Moufidatou wí.

Oòrùn ti mú kí bàbá tó yọ. Orúnkún Moufidatou ti kanlẹ̀ kó tó rántí ìbínú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Bàbá ṣàdúrà fún un, Moufidatou ṣe àmín. Bàbá wo àwọn òṣìṣẹ́, ó mi orí.

"Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ dẹ̀ jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, lé e!"