Verna, Alukoro Tó Béèrè Tẹnu Ìkejì

Bí mo bá pa irọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí adágún odò wa gbẹ kí n tó jí lọ́la. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ara mi ní ìwé, tí mo ti ka ìwé ìròyìn ju ọ̀jọ̀gbọ́n méje lọ, èmi ni mò ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ bébà ìlú wa ní Minnesota nígbà náà. Etí mi sì máa ń gbọ́ ìgbà tí yìnyín bá balẹ̀.

Verna Lindqvist ti ṣe akọ̀ròyìn fún ọdún méjìlélógún. Nígbà tí ìwé ìròyìn ìlú kógbá sílé, ilé iṣẹ́ wa gbà á ní alukoro. Àwọn ará ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Verna, ìwọ tí ò ń tú àṣírí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, o ti wá di ọmọrí ìkòkò wọn!" Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì, ẹ̀rọ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Elmer Koskela, òṣìṣẹ́ kan nílé iṣẹ́ wa. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń sọ kiri pé ọtí ló mu. Hadley, ọ̀gá wa, ní kí Verna kọ ọ̀rọ̀ tí a ó fi ránṣẹ́ sí rédíò, kó sọ pé òṣìṣẹ́ náà ni kò ṣọ́ra.

Verna kọ ọ́ dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ kàn ṣàdédé gbé fóònù. Àṣà iṣẹ́ àtijọ́ ni. Ìyàwó Elmer ló pè.

"Aili, Verna ni. Kí ni ẹ̀yin náà ní í sọ sí i?"

"Ta ló ń béèrè? Ṣé ilé iṣẹ́ ni àbí ìwé ìròyìn?"

"Èmi náà ò mọ̀ mọ́. Ṣáà sọ fún mi."

"Elmer ò fẹnu kan ọtí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ fún fọ́máànù pé ìdérí ẹ̀rọ yẹn ti tú. Ìka ti lọ ná. Ẹ má wulẹ̀ gé orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn."

Verna kọ gbogbo rẹ̀ kún ìwé tó ń kọ fún rédíò, ó gbé e fún ọ̀gá. Ojú kan náà ni mo gbá nígbà mẹ́sàn-án, kí n má baà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Verna, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ẹjọ́ tí wọ́n máa fi mú un?"

"Ọ̀gá, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tí ẹ bá máa yọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, ẹ kúkú yọ èmi náà mọ́ ọn."

Ojú Hadley pọ́n débi pé yìnyín ara fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ránṣẹ́ pe fọ́máànù.

"Ṣé Elmer sọ fún ọ lóòótọ́?"

Fọ́máànù ń wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, sà."

Hadley jókòó. Ó tún ìwé náà kà, ó mú bírò, ó pa gbólóhùn kan ṣoṣo rẹ́, èyí tó ní òṣìṣẹ́ ni kò ṣọ́ra. "Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Verna gba ọsibítù lọ tààrà. Oògùn ti mú kí ojú Elmer ṣú, kò lè kàwé, nítorí náà ni Verna ṣe ka ìwé náà sí i létí. Elmer tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ ní, "Jọ̀ọ́, tún ibi orúkọ mi kà." Verna tún un kà. Ìgbà mẹ́rìnlá ló kà á, títí nọ́ọ̀sì fi bú sẹ́kún.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, Aili Koskela ṣì wà láàyè, ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Luteran ni tirẹ̀. Kó lọ bi í. Bó bá ní ìgbà méjì ni Verna kà á, kì í ṣe mẹ́rìnlá, kó fojú fò ó. Ara obìnrin náà ń dàgbà, ó ti ń gbàgbé.